Níbo ni Ohùn Ń Gbé? Ọ̀rọ̀ lórí Ògbólógbòó Sáksófóònù àti Ẹnu Fèrè Rẹ̀

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àpéjọ àwọn olórin àti olólùfẹ́ orin ní Sábóngàrí, Kánò

    

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Bí ènìyàn bá ní ògbólógbòó sáksófóònù lọ́wọ́, tó sì fẹ́ kí ó dún bó ṣe yẹ, níbo ni kó ti lọ wá ohùn rẹ̀? Ṣé nínú idẹ ni, ṣé nínú ẹnu fèrè ni, àbí lọ́dọ̀ ẹni tó ń fọn ún? Ìdáhùn tí mo gbé wá ni pé ohùn náà ń gbé ní oríkèé, níbi tí ẹnu fèrè ti wọ ọrùn fèrè. Bí àwọn méjèèjì bá bára mu níbẹ̀, idẹ tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún yóò sọ̀rọ̀. Bí wọn kò bá bára mu, kò sí orúkọ olókìkí tí wọ́n fín sára idẹ náà tó lè gbà á sílẹ̀. Ẹlòmíràn lè ní ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí. Kò kéré. Ní ọjọ́ Ìsinmi, sáksófóònù ń dún nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Sábóngàrí. Ó ń dún níbi ìgbéyàwó, níbi ìsìnkú àgbà, níbi ìkómọ. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ ọ yóò tu owó jọ fún oṣù mélòó kan, yóò ra tòkunbọ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò fi ní kò lóhùn, yóò tà á ní ọ̀pọ̀, yóò ra òmíràn, yóò sì sọ ohun kan náà nípa ìyẹn. Fèrè ń lọ, fèrè ń bọ̀, ẹnu fèrè kan náà ló ń gbé kiri.

Ìpele Kìíní: Kí ni ohùn, kí sì ni gbígbó?

Èdè wa ya ìró sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn. Bí abọ́ bá já lulẹ̀ ní ilé ìdáná, ìró la gbọ́. Bí ẹnì kan bá wúkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí a sì mọ ẹni tó jẹ́ kó tó kanlẹ̀kùn, ohùn rẹ̀ la gbọ́. Ohùn ní ẹni tó ni ín. Ẹ wo àyàn kí agbo tó pé: ó wọ́ ọṣán ìlù rẹ̀, ó fi kọ̀ǹgọ́ kan awọ lẹ́ẹ̀kan, ó dẹ́kun, ó tẹ́tí, ó tún wọ́ ọ díẹ̀. Ariwo kọ́ ló ń wá, ariwo ti wà lára awọ náà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ní ohùn tó tọ́ lálẹ́ òní, ohun mẹ́ta ni mo ní lọ́kàn pa pọ̀: kí ohùn kún láti ìsàlẹ̀ dé òkè láìsí nóòtì tó sá pamọ́, kí ó bá gìtá àti kíbọ́ọ̀dù mu, kí ó má ga jù wọ́n lọ, kí ó má sì wálẹ̀ jù, kí olùgbọ́ sì lè dá a mọ̀ pé ti ẹni báyìí ni. Ẹ bá mi mú mẹ́ta yìí dání, nítorí a óò padà sí wọn.

Ọ̀rọ̀ kejì tó yẹ ká tú ni gbígbó. Iṣu gbó, ọsàn gbó: ó ti tó jẹ. Aṣọ gbó, bàtà gbó: ó ti ń lọ sí ààtàn. Ọ̀rọ̀ kan náà là ń lò fún méjèèjì, ẹni tó bá sì fẹ́ ra ògbólógbòó fèrè gbọ́dọ̀ mọ èwo ló ń rà. Sábóngàrí tí a wà yìí fúnra rẹ̀ ń kọ́ wa ní nǹkan kan nípa èyí. Ní èdè Hausa, ìlú tuntun ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Kánò, kí ọdún 1912 tó parí, ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í ya ilẹ̀ yìí sọ́tọ̀ fún àwọn tó ti gúúsù wá. Orúkọ yìí kan náà ni a gé kúrú di Sábó ní Ìbàdàn, tí a fi ń pe àdúgbò àwọn ará Hausa níbẹ̀. Tuntun ni a ṣì ń pè é lẹ́yìn ọdún tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ó ti gbó, ó sì gbó lọ́nà méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ ni ògbólógbòó sáksófóònù rí. Ohun tó gbó bí iṣu lára rẹ̀ ni ìrísí inú rẹ̀: bí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìgbà náà ṣe fẹ ihò rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí, àti ibi tí wọ́n lu ihò kọ̀ọ̀kan sí. Ohun tó gbó bí aṣọ ni páàdì tó jẹ́ awọ, kọ́ọ̀kì tó wà ní ọrùn, àti sípíríǹgì tó ń gbé ìtẹ̀ sókè. Idẹ náà fúnra rẹ̀ kì í pọ́n bí ọsàn. Ó dùn mí láti rí ẹni tó fi páàdì tó ti ya sílẹ̀ lára fèrè rẹ̀ nítorí pé ti ilé iṣẹ́ ni, tó sì rò pé ẹwà àtijọ́ lòun ń tọ́jú. Afẹ́fẹ́ ló ń jò dànù níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè wá ohùn lára fèrè tó ń jò, àfi kó kọ́kọ́ dí i.

Ìpele Kejì: Ìwo tí wọ́n gé lórí

Adolphe Sax, ará Belgium tí wọ́n bí ní ọdún 1814, ló ṣe fèrè yìí. Ìlú Paris ló ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọdún 1846. Ó fi idẹ ṣe ara rẹ̀, ó sì fi rìídì, igi pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ bí ewé, sí ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrísí ara náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dúró lé. Ẹ rántí ìwo màlúù. Ó ṣe ṣóńṣó lórí, ó sì ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ sí ìdí. Ẹni tó bá fẹ́ fọn ìwo láti orí kò lè fẹnu sí ṣóńṣó orí rẹ̀, nítorí kò síhò níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gé e. Ìwo tí a bá fẹ́ fọn láti orí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pàdánù orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni sáksófóònù: bí ẹ bá fa ìlà ara rẹ̀ lọ sókè kọjá ọrùn, ẹ óò rí i pé orí kan wà tí ó yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí mọ́.

Ẹnu fèrè ló wá rọ́pò orí tí wọ́n gé. Arthur Benade, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé ńlá kan lórí ìmọ̀ ìró ní ọdún 1976, fi hàn pé afẹ́fẹ́ tí inú ẹnu fèrè ń gbà gbọ́dọ̀ sún mọ́ iye tí orí tí wọ́n gé ì bá gbà. Kò pọn dandan kí wọ́n jọra lójú. Ìwọ̀n inú wọn ni kó dọ́gba. Bí ẹnu fèrè bá kéré jù fún ọrùn tó wọ̀, àwọn nóòtì òkè á máa ga ju àwọn ti ìsàlẹ̀ lọ, nóòtì kan náà ní ìpele òkè àti ní ìpele ìsàlẹ̀ kò ní gbọ́ra wọn yé. Onífèrè á fa ẹnu fèrè sẹ́yìn láti mú un wálẹ̀, títí yóò fi kù díẹ̀ kó yọ lórí kọ́ọ̀kì. Síbẹ̀, nóòtì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá á máa gbọ̀n gìrìgìrì bí ọkọ̀ tí epo rẹ̀ fẹ́ tán.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wo ìtàn. Láàárín ọdún 1920 sí 1929, ayé ń sáré tọ sáksófóònù lẹ́yìn, ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Elkhart, ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, sì ni ojúbọ rẹ̀: ilé iṣẹ́ Conn wà níbẹ̀, Buescher wà níbẹ̀, Martin wà níbẹ̀. Ẹnu fèrè ìgbà náà ní inú tó fẹ̀, tó sì rí róbótó, gẹ́gẹ́ bí Sax ṣe fi í lélẹ̀. Àwọn tó ṣe fèrè náà ní irú ẹnu yẹn lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń wọn ara idẹ. Lẹ́yìn náà ni ẹnu fèrè yí padà, tí inú rẹ̀ ń ṣe tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ wá wo ẹni tó ra Conn ọgọ́rùn-ún ọdún lónìí, tó sì ki ẹnu fèrè tó ra ní ọdún tó kọjá bọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó ti fi orí ewúrẹ́ rọ́pò orí màlúù. Bó bá wá ní ògbólógbòó fèrè kì í gún, pé àwọn àtijọ́ kò mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ̀sùn náà kò tọ́ sí fèrè. Ní ti Selmer Mark VI, tí ilé iṣẹ́ Selmer ní Paris bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1954, tí gbogbo ayé sì ń wá títí dòní, èrò tèmi ni pé ọ̀kan lára ohun tó mú un níyì ni pé ẹnu fèrè ti yí padà kí wọ́n tó ṣe é. Ó gba ẹnu púpọ̀ mọ́ra. Ti Elkhart àtijọ́ kì í gba ẹnu kẹ́nu.

Ìpele Kẹta: Inú ẹnu fèrè

Ẹ jẹ́ ká yọ rìídì kúrò, ká wo inú ẹnu fèrè bí ẹni wo inú ẹnu ènìyàn. Ó ní àjà lókè, bí tiwa. Ó ní yàrá lẹ́yìn, bí ọ̀nà ọ̀fun wa. Ó ní ètè, àlàfo tín-ín-rín sì wà láàárín ètè yẹn àti orí rìídì. Bí àjà bá rẹlẹ̀ tó sún mọ́ rìídì, ohùn á mú, á sì jìnnà. Bí àjà bá ga kúrò lára rìídì tí yàrá sì fẹ̀, ohùn á rọ̀, á sì kún. Àlàfo ètè rẹ̀ ló ń sọ bí rìídì yóò ṣe gbọ̀n tó: bó bá fẹ̀, ó ń gba èémí púpọ̀ àti rìídì tó rọ̀, bó bá há, ó ń gba rìídì tó le díẹ̀.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe fẹ́lẹ́ tó. Ẹnu fèrè sáksófóònù áàtò kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lò gan-an, Selmer S80 C*, àlàfo rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1.70. Ti sáksófóònù tẹ́nọ̀ Otto Link tí wọ́n ń pè ní 7 jẹ́ mìlímítà 2.54. Èyí tó tẹ̀ lé e, 7*, jẹ́ 2.67. Ohun tó wà láàárín àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yìí kò ju bébà ìwé kan lọ ní nínípọn, síbẹ̀ ètè ẹni tó ń fọn ún mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Bí nínípọn bébà kan bá lè yí ohùn padà ní ẹnu fèrè, tí ènìyàn sì lè fi àwọ̀ mìíràn kun gbogbo ara idẹ náà láìsí ẹni tó máa mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn, ẹ ti rí ibi tó yẹ kí á kọ́kọ́ wò.

Kí ló dé tí inú ẹnu fèrè fi há? Ariwo ló fà á. Bí ẹgbẹ́ orin ṣe ń pọ̀ sí i, tí gìtá iná dé, onífèrè ń wá ohun tó máa gé ariwo kọjá. Ẹ gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù háíláìfù ìgbà tí ẹgbẹ́ Tempos ti E. T. Mensah ń ti Gánà wá ṣeré ní Nàìjíríà, ìgbà Bobby Benson àti Chris Ajilo ní Èkó: sáksófóònù ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jókòó, ohùn rẹ̀ gbòòrò, kò yára. Roy Chicago wá mú gángan wọ inú háíláìfù, sáksófóònù sì bá ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ bọ́ sí àsìkò Fẹlá, pẹ̀lú ìlù Tony Allen, gìtá méjì mẹ́ta, àti sáksófóònù bárítóònù Lekan Animashaun tó ń kùn nísàlẹ̀: ohùn fèrè ti mú, ó ti gbóná. N kò sọ pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé orin méjèèjì kò béèrè ẹnu kan náà, àti pé lónìí tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré pàápàá, kò sí ìdí mọ́ tí ọmọ ìjọ tó ń fọn orin ìyìn fún igba ènìyàn fi ní láti lo ẹnu fèrè tí wọ́n ṣe fún pápá ìṣeré.

Ìpele Kẹrin: Àwọn tó ta ko ọ̀rọ̀ yìí

Àtakò kìíní wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó gbàgbọ́ nínú idẹ. Wọ́n ní idẹ àtijọ́ yàtọ̀, pé lára rẹ̀ ni ohùn wà. Ní ọdún 1971, John Coltman, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣe àyẹ̀wò kan: fèrè mẹ́ta tí inú wọn rí bákan náà, ọ̀kan fàdákà, ọ̀kan bàbà, ọ̀kan igi. Àwọn tó ń gbọ́ wọn láìfojú rí wọn kò lè fi ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Àwọn tó fọn wọ́n pàápàá kò lè ṣe é nígbà tí wọn kò mọ èyí tó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹnì kan lè ní fèrè tí a ń fọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ nìyẹn, pé sáksófóònù kọ́. Ó dára. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún ọdún 1953, Charlie Parker, gbajúgbajà onísáksófóònù ará Amẹ́ríkà, dúró nínú gbọ̀ngàn Massey Hall ní Toronto, ó fi áàtò Grafton tí ara rẹ̀ jẹ́ ike ṣeré. Wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó wà títí dòní, kò sì sí ẹni tó mọ Parker tó máa gbọ́ ọ tí kò ní mọ̀ pé òun ni. Ike rọ́pò idẹ, ṣùgbọ́n ìrísí ìwo náà wà níbẹ̀.

Àtakò kejì le jù, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Wọ́n ní àpẹẹrẹ Parker yẹn ti gbè wọ́n: ẹni tó ń fọn ún ni ohùn, kì í ṣe ẹnu fèrè, kì í ṣe oríkèé. Wọn a tún mú Fẹlá wá. Kàkàkí òyìnbó ni Fẹlá kọ́ ní London láti ọdún 1958. Ní ọdún 1973, nígbà tí Igo Chico tó ń fọn tẹ́nọ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ Africa 70, Fẹlá fúnra rẹ̀ gbé tẹ́nọ̀ náà, ó kọ́ ọ, ó sì fi ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù Gentleman. Ohùn Igo Chico dán, ó sì yípo; ti Fẹlá ya bí aṣọ òkè tí wọn ò tíì rán létí, ó ń gé ọ̀rọ̀ kúrú, ó ń tún un sọ. Ẹgbẹ́ kan, irú orin kan, ohùn méjì. Ṣé ènìyàn kọ́ ló wá ni ohùn?

Mo gbà bẹ́ẹ̀, dé ààyè kan. Ẹ padà sí ohun mẹ́ta tí mo ní kí ẹ mú dání. Ẹ̀kẹta nínú wọn, kí olùgbọ́ lè dá ohùn mọ̀ pé ti ẹni báyìí ni, ti ènìyàn ni, kò sì sí ẹnu fèrè tí wọ́n ń tà tó lè fún ni. Ṣùgbọ́n kíkún ohùn àti bíbára mu rẹ̀, ti oríkèé ni. Òótọ́ ni pé ẹni tó mọṣẹ́ lè fi ètè àti ọ̀fun gbé nóòtì tó wálẹ̀ sókè, kó tẹ èyí tó ga jù mọ́lẹ̀. Ó ń ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá fèrè jà ní nóòtì kọ̀ọ̀kan kò ráyè sọ ohun tó fẹ́ sọ. Ẹ rí ẹni tó gbé igbá omi tó ń dà lérí tí a sì ní kó máa kọrin. Ọ̀gá lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò lè rù ú, òun gan-an sì ni a ń gbé e lé lórí, nítorí pé ẹnu fèrè tí kò wúlò ni a máa ń sọ pé ó tó fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ìpele Karùn-ún: Afẹ́fẹ́ Kánò

Ohun tí ìwé òkèèrè kì í ránnú mọ́ ni ojú ọjọ́ wa. Ìró ń rin mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí afẹ́fẹ́ bá wà ní ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ní ìwọ̀n 40, ó ń rin bíi 355. Bí ìró bá ṣe yára sí i nínú fèrè ni fèrè ń ga sí i. Oṣù kẹrin ní Kánò ń súnmọ́ ìwọ̀n 40 lọ́sàn-án. Àárọ̀ ọyẹ́ a sì máa mú ènìyàn wọ súwẹ́tà. Onífèrè ìlú yìí gbọ́dọ̀ fa ẹnu fèrè sẹ́yìn nígbà ooru, kó sì tì í wọlé nígbà ọyẹ́. Ẹ wá wo ẹni tí ẹnu fèrè rẹ̀ kéré jù, tó ti fà á dé etí kọ́ọ̀kì ní ọjọ́ tí ojú ọjọ́ dára. Nígbà tí ooru bá dé, ibo ni yóò tún fà á lọ? Kò sí kọ́ọ̀kì mọ́. Fún ará Kánò, bíbára mu ní oríkèé ló máa jẹ́ kó ní ibi tí yóò sún sí.

Ọyẹ́ ní tirẹ̀ ń gbẹ rìídì títí orí rẹ̀ yóò fi ká bí ewé tó gbẹ, ó sì ń sún kọ́ọ̀kì kì. Kí onífèrè fi rìídì sínú omi fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó gbé e ka ẹnu fèrè, kó sì tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ó ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ. Lórí rìídì, àwọn aládùúgbò wa ará Hausa ti ṣíwájú wa. Ẹ wo àwọn tó ń fọn algaita lẹ́yìn Ẹ́míà ní ọjọ́ Sallah: igi ni ara fèrè wọn, wọ́n sábà máa ń fi awọ bò ó, rìídì rẹ̀ jẹ́ onípele méjì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn a wú, wọn a máa mí sínú síbẹ̀ tí ohùn kò ní já. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe rìídì náà, wọ́n sì ń tún un ṣe títí yóò fi gbọ́ tiwọn. Ẹnu ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Igi ara rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ayébáyé.

Ìpele Kẹfà: Owó, àti ìdánwò kan

A ó gbọ́ pé ẹnu fèrè tó dára wọ́n. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ìdá díẹ̀ ni lára owó fèrè tuntun, ẹni tó bá ti ta fèrè méjì ní ọ̀pọ̀ sì ti pàdánù ju owó ẹnu fèrè lọ. Ẹnu àtijọ́ tó bá ògbólógbòó fèrè wá nínú àpótí, tí ọ̀pọ̀ ń jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí pé ó dúdú, tó sì jẹ́ rọ́bà líle lásán, kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, nítorí òun ni wọ́n wọn fèrè náà fún.

Báyìí ni kí wọ́n dán an wò. Kí wọ́n ki tọ́ọ̀ṣì kékeré sínú ara fèrè nínú yàrá òkùnkùn, kí wọ́n sì pa gbogbo ìtẹ̀ dé: ibi tí iná bá ti yọ ni afẹ́fẹ́ ti ń jò, kí wọ́n tún un ṣe ná. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n yọ ọrùn kúrò lára fèrè, kí wọ́n fi ẹnu fèrè sí ọrùn nìkan, kí wọ́n fọn ún láìfi ètè tì í. Áàtò gbọ́dọ̀ sún mọ́ A fílátì lórí kíbọ́ọ̀dù, tẹ́nọ̀ gbọ́dọ̀ sún mọ́ E. Bó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n fà á díẹ̀. Bó bá wálẹ̀, kí wọ́n tì í. Kí wọ́n wá dá ọrùn padà, kí wọ́n fọn nóòtì kan nísàlẹ̀, kí wọ́n fọn òun kan náà lókè, kí wọ́n gbọ́ bóyá wọ́n gbọ́ra wọn yé. Bí wọ́n bá gbọ́ra wọn yé, tí kọ́ọ̀kì sì ṣẹ́kù níwájú àti lẹ́yìn, ẹnu ti bá ọrùn mu. Kí onífèrè mú bírò, kó fa ìlà sórí kọ́ọ̀kì níbi tí ẹnu fèrè dúró sí, ìlà kan ní oṣù kẹrin, ìlà kejì nígbà tí ọyẹ́ bá dé.